Ṣé kí ọmọ mi lọ ṣeré Makahiki?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Kò tíì pé ọdún méjì tí a kó dé Honolulu, ní Hawaii. Tólú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé ìwé wálé pé ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe eré Makahiki, àjọ̀dún àtijọ́ àwọn ará Hawaii. Láti ìgbà náà, Pele ṣáá ló ń sọ, pé obìnrin yẹn ló ni iná tó ń tú jáde nínú òkè. Onígbàgbọ́ ni wá nílé o. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ, àbí kí n kọ̀wé sí tíṣà rẹ̀?
Màmá Tólú

Màmá Tólú, ẹ jẹ́ kó lọ. Hilo lèmi ń gbé, erékùṣù kan náà pẹ̀lú òkè ayọnáyèéfín Kīlauea, ọdọọdún sì ni Ṣadé ọmọ mi ń ṣe eré yìí.

Láyé àtijọ́, bí ìràwọ̀ Makaliʻi bá ti yọ ní ìrọ̀lẹ́, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, àwọn ará Hawaii á gbé ogun tì fún oṣù bíi mẹ́rin. Àsìkò náà ni Makahiki, Lono, òrìṣà òjò àti oko, ló sì ni ín. Wọ́n á gbé ère rẹ̀ yí erékùṣù ká, àwọn ìjòyè á gba ìṣákọ́lẹ̀ lórúkọ rẹ̀, eré á wá bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ṣẹ́, ìjàkadì, yíyí òkúta ribiti gba àárín igi méjì. Ní 1819, ọba wọn, Liholiho, jókòó bá àwọn obìnrin jẹun, èèwọ̀ ńlá gbáà, ó sì ní kí wọ́n wó àwọn ojúbọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn míṣọ́nárì ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹ ò rí i, àwọn fúnra wọn ló ti pa ìbọ náà tì; eré yẹn nìkan ni ilé ìwé ń ṣe.

Ti Pele yàtọ̀ díẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Àwọn kan ṣì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n ń gbé òdòdó lọ sí etí kòtò Halemaʻumaʻu, níbi tí wọ́n ní ó ń gbé. Ṣé ẹ rántí bí àwọn àgbà wa ṣe ń kí Ṣàngó ní kábíyèsí bí ààrá bá sán? Ẹ ṣáà sọ fún Tólú kó má fi Pele ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ onílẹ̀. Ìtàn Maui, akọni inú àlọ́ wọn, ní tiẹ̀, tó ta okùn mú oòrùn lórí òkè Haleakalā kí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá lè ráyè gbẹ, ọmọ tó bá fẹ́ràn àlọ́ Ìjàpá á gbádùn ẹ̀ dọ́ba.

Eré tó dùn mọ́ mi jù ni kōnane, eré orí ọpọ́n kan. Wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ kún ojú ọpọ́n, dúdú kan, funfun kan: dúdú láti ara òkè ayọnáyèéfín, funfun láti inú òkun. Ẹni àkọ́kọ́ á yọ tirẹ̀ kan láàárín, ẹnìkejì á yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè ti ṣí nìyẹn. Òkúta yín á wá máa fò kọjá ti ẹnìkejì bọ́ sí àyè tó ṣófo, ẹ ó sì jẹ èyí tí ẹ fò kọjá. Inú ayò ni wọ́n bí èmi sí, ni mo bá ń jẹ òkúta Ṣadé lọ ràì. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tó yá, n kò rí ibi kankan fò sí mọ́. Mo ní mẹ́rìnlá lọ́wọ́, òun ní mẹ́sàn-án.

"Dádì, wọn kì í ka èyí tẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tí kò bá ríbi rìn ló kú."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni òpè nílé wa.