Microbiology Kì í Ṣe Ọ̀nà Ẹ̀bùrú sí Láàbù Ọsibítù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Medicine ni ọmọ mi obìnrin kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB, Microbiology ni wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kó gbà á, pé láàbù ọsibítù ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, pé òun àti Medical Laboratory Science, ìkan náà ni. Ṣé kó gbà á? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá wa, wọn kì í ṣe ìkan náà. Ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ báyìí. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí, ọdọọdún náà sì ni àwọn ọmọ tó ti gboyè tán ń wá sunkún lọ́dọ̀ mi.

Láti ọdún 2003 ni òfin ti wà lórí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aláìsàn wò, kó sì fọwọ́ sí èsì rẹ̀, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn onímọ̀ láàbù ọsibítù. Ìwé ẹ̀rí BMLS, ìyẹn oyè Medical Laboratory Science, ni wọ́n ń béèrè, ọdún 5 ni wọ́n fi ń kà á. B.Sc. Microbiology ọlọ́dún 4 kò lè rọ́pò rẹ̀, ì báà jẹ́ first class ni ọmọ fi jáde. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé wọ́n ń rí ọmọ Microbiology ní láàbù ọsibítù nígbà IT. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ lásán nìyẹn! Àwọn láàbù kọ́lọ́fín kan sì ń gbà wọ́n síṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Tí èsì bá ṣìnà, tí aláìsàn kú, ta ni ọlọ́pàá máa mú?

Biochemistry, Zoology, Botany: ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn já sí.

Mi ò ní Microbiology ò dáa o. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀, kòkòrò ò sì mọ sí ara aláìsàn. Òun ló ń mú ògì kan, ọ̀kan lára wọn tó ń jẹ́ Bacillus ló ń fún irú ní òórùn tí gbogbo wa mọ̀. Ilé iṣẹ́ bíà, ti yúgọ́ọ̀tì, ti oògùn, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó máa yẹ ọjà wọn wò. Oní-píọ́wọ́tà tí kò fẹ́ ìjàngbọ̀n NAFDAC náà nílò ẹni tó lè wá kòkòrò ìgbẹ́ tó ń jẹ́ E. coli nínú omi. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín kí ẹ tó lọ sí i.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní yóò sọdá sí Medicine ní 200 level, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ẹ má gbára lé e.

Ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ aláìsàn lọkàn rẹ̀ wà, kó tún JAMB ṣe: Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics tó fi wá Medicine náà ló máa fi wá BMLS. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá ilé ìwé náà wà lára àwọn tí MLSCN fọwọ́ sí. Títí dìgbà náà, kó má tíì tẹ Accept lórí CAPS, ojú òpó JAMB tí wọ́n ti ń gba àyè ìgbaniwọlé tàbí kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá.