Iyè ni wọ́n ń kó jọ, wọn kì í sọ orí dòfìfo

Ìbéèrè tó wá láti Mopa nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, àṣàrò tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń ṣe, ṣé òun náà ni àṣàrò inú Bíbélì? Mo gbọ́ lórí rédíò pé ńṣe ni wọ́n ń sọ orí wọn dòfìfo kí ẹ̀mí àìrí lè ráyè wọlé."

Irú àlàyé báyìí máa ń bí mi nínú. Kí orí ṣófo kí ẹ̀mí kan lè wọ̀ ọ́ kò sí nínú ẹ̀kọ́ Buddha rárá. Nínú èdè Pali tí wọ́n fi pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tó di gbogbo iṣẹ́ yìí mú ni sati, "rántí" sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Ta ló ń fi orí òfìfo rántí nǹkan?

Ẹ wá wo èdè tiwa. Iyè (mi ò wí ìyè, tó jẹ́ wíwà láàyè) ni ibi tí èèyàn ń rántí nǹkan sí. Bí arúgbó bá ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ, a ó ní iyè rẹ̀ ti ń rá. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í dúró sí lórí, wọ́n á wá oògùn ìsọ̀yè fún un. Ìrántí nìyẹn. Ṣùgbọ́n iyè kan náà la ń dárúkọ nígbà tí a bá ní kí ọmọ fiyè sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: fi iyè sí i, gbé iyè rẹ lé e. Ìrántí àti ìfojúsílẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí sati ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Nígbà tí Rhys Davids, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń túmọ̀ ìwé Pali sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1881, mindfulness ló pè é, ìrántí sì jábọ́ lójú ọ̀nà. Tiwa gbé méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, àfiyèsí ni mo gbà pé ó yẹ kí á máa pe sati, n ò sì rí ẹni tí yóò yí mi lọ́kàn padà. Ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa láti Kabba dé Ìsánlú ń pe "fiyèsí" lójoojúmọ́, àmọ́ bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni iyè, wọ́n á dákẹ́.

Ti Bíbélì kò gùn. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nínú Sáàmù 1 níbi tí a ti kà nípa ṣíṣe àṣàrò lọ́sàn-án àti lóru ni hagah, kéèyàn máa kùn ọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ lábẹ́ ohùn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu níbẹ̀. Èémí àti ara ni ọmọlẹ́yìn Buddha ń fiyè sí. Iṣẹ́ méjì ni.

Buddha fi òwe kan ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní èrò pé jọ bìbà, wọ́n ń wo arẹwà obìnrin tó ń jó, tó ń kọrin. Wọ́n wá gbé àwo epo tó kún dé etí fún ọkùnrin kan pé kó gbé e gba àárín èrò àti obìnrin náà kọjá. Ẹni tó yọ idà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bí epo bá kán sílẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ lọ. Ṣé ọkùnrin yẹn máa wo ijó? Buddha ní àwo epo náà ni àfiyèsí sí ara.

Ẹni tó bá ti wo ọmọbìnrin tó ń pọnmi gòkè láti odò ní Ìjùmú kò nílò idà kó tó lóye òwe yìí. Òṣùká wà lórí, ọrùn dúró, ìbàdí ń yí, ojú ń wo iwájú. Bó bá le ọrùn jù, omi á dà. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, omi á dà. Ewé tútù méjì mẹ́ta tó dà sójú omi kò gbé omi náà ró, ó kàn ń mú kí ojú omi rọlẹ̀ ni. Iṣẹ́ ewé yẹn ni kíka iye èémí ń ṣe fún ọkàn.

Bí ẹ ṣe máa kà á rèé. Ẹ jókòó lórí àpótí tí kò ga ju orúnkún lọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ̀yìn nàró láìfara ti ògiri. Lórí ẹní ni àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń kásẹ̀ jókòó sí lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ fi tipá kásẹ̀. Ẹ fiyè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan ihò imú. Ó wọlé, ó jáde, ọ̀kan. Ó wọlé, ó jáde, èjì. Buddhaghosa, ẹni tó kọ Visuddhimagga, ìwé àlàyé ẹ̀kọ́ Buddha, ní Sri Lanka, ní kíkà náà kò gbọdọ̀ dín sí 5, kò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ. Bó bá dín sí 5, ọkàn á máa jà bíi màlúù tí wọ́n há mọ́ ọgbà tóóró. Bó bá ju 10 lọ, iye lèèyàn á máa dì mú, á sọ èémí nù. Ó ní kí a kọ́kọ́ kà á díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wọn ọkà, tó ń pe "ọ̀kan, ọ̀kan" bó ṣe ń ṣa ìdọ̀tí kúrò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi kóńgò wọn ọkà bàbà lọ́jà: ohùn rẹ̀ wà lórí iye, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ òkúta. Bí iyè bá rìn lọ, ẹ padà sí ọ̀kan láìbínú. Ẹ má fa èémí gùn, àyà yóò fún yín. Ìṣẹ́jú 10 ní ìdájí tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Buddha ka rírìn, dídúró, títẹ apá, wíwọ aṣọ, jíjẹ, mímu, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní kí a mọ̀ ọ́n bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ wo bí a ṣe ń jẹun nísinsìnyí! Ọwọ́ ọ̀tún ń bu iyán, ọwọ́ òsì ń yí fóònù, iyán tán nínú àwo, ẹni tó jẹ ẹ́ kò lè sọ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó. Àwọn ìyá wa ń bá ọmọ wí pé "fiyè sí oúnjẹ rẹ" kí eegun ẹja má baà há a lọ́fun. A ti jẹ́ kí ìbáwí yẹn kú.

Ohun tó máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu ni oorun, pàápàá bí ẹ bá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo. Ó ṣe Moggallana pàápàá, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọlẹ́yìn. Buddha ní kó fa etí rẹ̀ méjèèjì, kó fi ọwọ́ ra ara. Bí oorun ò bá lọ, kó dìde, kó fi omi bọjú, kó wo ìràwọ̀. Bí kò bá tíì lọ, kó máa rìn lọ rìn bọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ràn án, kó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kó fi ìgbà tí yóò dìde sí iyè, kó sì sùn.