Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè gbin awọ ara?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé bí iná bá jó ènìyàn, wọ́n lè gbin awọ tuntun fún un láti ara tirẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ oníjìbìtì?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, kì í sì ṣe tuntun. Ní 1975 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, James Rheinwald àti Howard Green, fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní Amẹ́ríkà. Wọn á gé awọ tí kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ níbi tí iná kò dé, bí abíyá, wọn á sì tú u sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara. Wọ́n á wá tẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku sábẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa agbára bíbí rẹ̀: ó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, òun kò sì lè pọ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìwọ̀nba awọ yẹn lè fẹ̀ ní ìlọ́po 10,000.

Ìlẹ̀mọ́ra ni wàhálà. Awọ òkè nìkan ló hù, ó fẹ́lẹ́ gan-an. Bí kòkòrò bá wọ ojú egbò, ó parẹ́ nìyẹn. Bí kò bá sí awọ ìsàlẹ̀ tó máa dì í mú, á máa lé ròrò, á máa bó, egbò á sì sún kì. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan fi ń kọ́kọ́ lẹ awọ òkú mọ́ ojú egbò, tí wọ́n á wá ha òkè rẹ̀ kúrò, kí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ kù láti di awọ tuntun mú. Awọ tí a gbìn kì í hu irun, kì í sì í làágùn, nítorí náà ooru máa ń tètè mú ẹni tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní ibi púpọ̀.