Ìwé ìlànà iṣẹ́: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n kọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ní ní Ajàṣẹ́-Ìpo, èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà. A ti gba nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n wá yẹ̀ wá wò lóṣù tó kọjá. Wọn ò rí wí sí omi wa, àmọ́ wọ́n ní àkọsílẹ̀ wa ò tó. Wọ́n ní ká kọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ká sì máa kọ ohun tó bá bàjẹ́ àti bí a ṣe tún un ṣe. Ọmọkùnrin kan ní Ìlọrin ní òun ní ìwé tó ti wà ní sẹpẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ mi nìkan ló kù tóun máa fi sí i. Ẹlòmíì ní ISO ni mo nílò. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá Oníomi)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ má ra ìwé yẹn, ẹ má sì tíì lọ bá oní-ISO kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ISO kúrò nílẹ̀, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n ń lò kárí ayé, tí wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e ní ìwé ẹ̀rí. ISO 9001 wà fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun máa dọ́gba lójoojúmọ́, ISO 22000 sì wà fún oúnjẹ àti ohun mímu. Méjèèjì dára, àmọ́ ẹni tó bá wù ló ń gbà wọ́n. Tó bá di pé òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní àwọn ò ní rajà lọ́wọ́ yín láìrí i, ẹ ó wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí NAFDAC ń bèèrè ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní GMP: kí ibi iṣẹ́ mọ́, kí ọwọ́ tó ń ṣe é mọ́, kí ẹ sì lè fi hàn pé bó ṣe rí lónìí náà ló rí lánàá. Ibi “kí ẹ sì lè fi hàn” yẹn ni wọ́n ti dá yín dúró.

Ní ti ìwé rírà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ omi kan nígbà kan, pé kí n bá wọn wo ìwé wọn kí àyẹ̀wò tó dé. Wọ́n gbé fáìlì dúdú kan fún mi, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Mo ṣí i, mo rí “ọ̀gá ẹ̀ka àyẹ̀wò kòkòrò”, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó ni ibẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́rin ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Mo ṣí i síwájú, mo bá ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ku ìyẹ̀fun dáadáa kí wọ́n tó pò ó. Àṣé ìwé oníbúrẹ́dì ni! Mo rẹ́rìn-ín. Ni mo bá bi ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ pé tí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ó ní, “A máa tan jẹnẹrétọ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? “A máa bá iṣẹ́ lọ.” Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ìdí ni pé gílóòbù UV, iná tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò, ni ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn tí omi ń gbà kọjá kó tó wọ ọ̀rá. Òun ló ń ṣe kòkòrò tí fílítà ò mú báṣubàṣu. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kì í ní agbára ní kíá, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbóná débi tó yẹ. Omi tó bá kọjá láàárín àkókò yẹn, ó kọjá lásán ni. Ohun míì tún wà níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń pa kòkòrò kọ́ ni èyí tójú wa ń rí. Gílóòbù tó ti gbó á ṣì máa tàn búlúù rẹ́rẹ́, àmọ́ kò ní lágbára tó láti pa kòkòrò bó ṣe yẹ mọ́. Bíi wákàtí 9,000 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lò, nítorí náà, ẹni tí kò bá kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ò lè mọ̀. Tí omi bọ́hóòlù yín bá sì ń mú ìpẹtà wá, ó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó bo gílóòbù náà, á sì dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ máa nù ún.

Torí náà, ẹ fa àga kan sídìí ẹ̀rọ yín. Ẹ ní kí ọmọ tó ń lò ó ṣiṣẹ́ lójú yín, kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣe, kí ẹ tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ lè ní ti Gẹ̀ẹ́sì nínú fáìlì, àmọ́ èyí tí ẹ máa kàn mọ́ ògiri, èdè tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè kà ni kó jẹ́. Fún àpẹẹrẹ:

“Tí iná bá lọ, pa ẹ̀rọ tó ń di ọ̀rá. Tan jẹnẹrétọ̀. Wo aago, dúró dé iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ìwé gílóòbù. Ọ̀rá tó bá jáde kó tó pé, má kó o mọ́ ti títà, tú u dà nù. Kọ ọ́ sínú ìwé.”

Ìlà mélòó kan yẹn sàn ju fáìlì dúdú lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní HACCP náà kò ju báyìí lọ: kí ẹ mọ oríta tí ẹ ò gbọdọ̀ ti ṣìnà, kí ẹ yan ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Oúnjẹ àwọn tó ń lọ sínú òfuurufú ni Pillsbury àti NASA torí ẹ̀ ronú kàn án ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969. Wọ́n rí i pé àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn nìkan ò tó. Òótọ́ ni. Tí ẹ bá ní kí ẹ já gbogbo ọ̀rá wò, kí lẹ fẹ́ tà?

Ní ti ìwé ojoojúmọ́, èyí tó bá mọ́ jù ló máa ń kọ́kọ́ fu mí lára. Mo rí ọ̀kan rí, láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 7.0 lójoojúmọ́. Mo wá wo déètì ọjọ́ kan báyìí, ọjọ́ Iléyá ni. Ní Ìlọrin o! Ta ló fi àgbò sílẹ̀ wá wọn pH? Ìwé tí omi ti ta sí, tí ẹnì kan kọ “iná lọ 11:20, a da ọ̀rá 43 nù, a pe oníná” sínú rẹ̀, òun ni mo máa gbà gbọ́. Àṣìṣe tí ẹ kọ kì í kó bá yín bí èyí tí ẹ fi pamọ́. Tí ẹ bá ṣìkọ, ẹ fa ìlà kan lé e kí èyí àkọ́kọ́ ṣì ṣeé kà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Tipẹ́ẹ̀sì ò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má dúró síbi pé a ti dà á nù. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan, ẹ bi ara yín pé kí ló fà á. Oníná tó mọṣẹ́ lè so wáyà rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń di ọ̀rá má ṣiṣẹ́ títí UV á fi gbóná tó. Ohun tí àwọn NAFDAC fẹ́ rí lábẹ́ “bí ẹ ṣe tún un ṣe” nìyẹn.

Ó ku ohun tí ẹ ń rà. Ní 2008 sí 2009, ọmọ 84 ló kú ní orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Nínú èròjà kan tí wọ́n rà láti fi pò ó ni májèlé diethylene glycol ti wọlé. Omi kì í ṣe oògùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà ń ra náílọ́ọ̀nù àti klórínì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí róòlù kọ̀ọ̀kan, kí déètì sì wà lára ọ̀rá.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí fún bí oṣù kan, ẹ rán ọmọ kan lọ sí oríta Ajàṣẹ́, níbi tí ọ̀nà Òfà àti ti Ọ̀mù-Àrán ti pínyà, kó ra ọ̀rá omi yín kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ ṣí ìwé: ọjọ́ wo la ṣe é? Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ? Róòlù wo ni? Ṣé iná lọ lọ́jọ́ náà? Tí ẹ bá rí gbogbo rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ kọ lẹ́tà sí NAFDAC pé kí wọ́n máa bọ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ibi tí ẹ ti sọ ọ́ nù ni kí ẹ tún ìwé yín kọ.