Alága Káńsù, Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ àti Owó Ìlú: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí. Òṣogbo ni gbogbo wọn ti wá, ìjà kan náà ni wọ́n sì dá lé lórí: alága ní owó ò sí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní owó wà, pé ibi tí wọ́n ń ná an sí ni ò dáa. Káńsù méjì ló wà láàárín ìlú, Òṣogbo tó ní ọ́fíìsì ní Òkè-Baálẹ̀ àti Ọlọ́rundá tó wà ní Ìgbọ̀nà. A ò ní sọ èyí tó kàn, nítorí ohun tí a fẹ́ sọ bá méjèèjì mu.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ káńsù ni mí. Owó ìgbéga wa ti ọdún méjì àti owó ìsinmi ọdọọdún ò tíì jáde. Alága ní àlókéṣàn ò tó, ṣùgbọ́n jíìpù tuntun ti wọ ọgbà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ Ajé nítorí jíìpù yìí. Ṣé òfin gbà wá láyè? (Òṣìṣẹ́ kan, Òṣogbo)

Ẹ kú ìfaradà. Bí ẹ bá fi lè kọ "jíìpù" sínú lẹ́tà ìyanṣẹ́lódì, ẹ ti fún agbẹjọ́rò káńsù ní ohun tó ń wá. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2005 kò gba ìyanṣẹ́lódì láyè àfi lórí ẹ̀tọ́ tó ti wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín, nínú ohun tí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ fọwọ́ sí, tàbí nínú òfin tó de iṣẹ́ yín. Owó ìgbéga tí lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, owó ìsinmi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá san owó tó dín sí ₦70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ nínú òfin July 2024, tàbí tó dín sí ₦75,000 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí alága rà ò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí ẹ ó fi bi í léèrè ọkọ̀ yẹn wà, a ó dé ibẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì kọ́.

Nítorí náà, gbèsè yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ibi tí ẹgbẹ́ ti máa ń pàdánù gan-an nìyí: wọ́n á dé orí rédíò, wọ́n á ní "ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù", alága á ní kí wọ́n mú ìwé wá, ìwé ò ní sí. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìpele rẹ̀, owó oṣù àtijọ́, owó oṣù tuntun, ọjọ́ tí ìgbéga bẹ̀rẹ̀, iye oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí àlékún rẹ̀ jẹ́ ₦6,500 lóṣù, tí wọ́n jẹ ní oṣù 24, gbèsè rẹ̀ jẹ́ ₦156,000. Owó ìsinmi jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpìlẹ̀ ọdún kan. Ẹni tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lóṣù, ₦720,000 ni lọ́dún, owó ìsinmi rẹ̀ sì jẹ́ ₦72,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi gbogbo owó oṣù ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí akápò bá rí ẹyọ kan báyìí tó fò, yóò fi da gbogbo ìwé nù.

Ẹ wo lẹ́tà ìgbéga yín dáadáa pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ọjọ́ méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ipò bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó ipò náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi ka oṣù. Ẹ̀ka kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: owó tí wọ́n ti yọ lórí owó oṣù yín fún ìfẹ̀yìntì, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí fún ẹ̀yáwó báńkì, tí kò sì dé ibi tí wọ́n ní ó ń lọ. "Àlókéṣàn ò tó" kì í ṣe èsì sí èyí, nítorí owó yín ni wọ́n ti gbà. Ní tiwa, òun ló yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà.

Lẹ́yìn ìwé ni ìgbésẹ̀ kàn. Lẹ́tà máa lọ sọ́dọ̀ olórí òṣìṣẹ́ káńsù, ẹ̀dà á dé ọ̀dọ̀ alága, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gbà á. Ẹ jókòó ìpàdé, kí wọ́n kọ ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀, kí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí kò bá yanjú, láàárín ọjọ́ 7 kí ẹ jọ yan onílàjà kan tí ìhà méjèèjì gbà. Onílàjà ní ọjọ́ 7 láti ìgbà tí wọ́n yàn án. Bí kò bá rí i yanjú, láàárín ọjọ́ 3 sí i kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ létí, nípasẹ̀ ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ọwọ́ ẹni tí mínísítà bá yàn, kó tó dé Industrial Arbitration Panel (ìgbìmọ̀ tó ń parí aáwọ̀ iṣẹ́), kó tó wá dé National Industrial Court (ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́). Ẹgbẹ́ tó bá fo ibi onílàjà kọjá, ojú ẹsẹ̀ ni alága lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ tí yóò dá wọn dúró.

Kí ẹ tó yanṣẹ́ lódì, ẹ gbọ́dọ̀ dìbò. Ìdajì òun lé ni òfin ń fẹ́, nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú ìwé, kì í ṣe nínú àwọn tó wá sípàdé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 300, ìbò 151 ni. Kí wọ́n pariwo "bẹ́ẹ̀ ni!" lábẹ́ igi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì di ìdìbò.

Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin gba agbanisíṣẹ́ láyè láti má san owó ọjọ́ tí ẹ fi yanṣẹ́ lódì. Bó bá jẹ́ alága ló ti géètì mọ́ yín síta, ẹ ó gba owó yín pé. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń halẹ̀ pé wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́: àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ní àṣẹ lórí òṣìṣẹ́ ìpele keje sókè, kì í ṣe alága.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọlọ́jà ni mí. Mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú fún ọmọ mi tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti géètì pa. Ọmọkùnrin kan tó ń gba owó ìṣọ̀ tún ní kí n san sínú àkáǹtì òun títí wọn ó fi padà. (Ìyá ọlọ́jà, Ìgbọ̀nà)

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ má sanwó fún un. Owó tí kò bá ní rìsíìtì káńsù, tí kò wọ àkáǹtì káńsù, ẹ ó tún un san. Bí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ san gbogbo èyí tó ti ṣẹ́ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere, kí oṣù tí ẹ san fún sì wà lórí rẹ̀.

Ní ti géètì, òfin 2005 yẹn kan náà ní ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà tàbí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì, wọn ò sì gbọdọ̀ fipá mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ lè jókòó sílé, kò lè fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì. A ń sọ èyí fún àǹfààní ẹgbẹ́ gan-an. Àwọn òbí tó wá gba ìwé fún ọmọ ló yẹ kó dúró tì wọ́n, àwọn náà sì ni ṣẹ́ẹ̀nì yẹn ń bá jà.

Kánsẹ́lọ̀ ni mí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní a ò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ sórí gọ́tà tàbí kànga títí a ó fi san gbogbo gbèsè wọn. Alága ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi òun léèrè ìnáwó. Ta ni ká tẹ̀ lé? (Kánsẹ́lọ̀ kan, Òṣogbo)

Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ láì mú ìwé owó sílẹ̀, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ lẹ sì ní àṣẹ láti mú un jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín l'Ábújá, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT (owó orí ọjà) náà sì jẹ́ tiwọn. Ìwé òfin 1999 ló dá àkáǹtì àjùmọ̀ní sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì kí ìyókù tó dé káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025: ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń jà lórí ta ni alága, NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé, Àbújá sì dá owó káńsù Ọ̀ṣun dúró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé owó wà tàbí kò sí, ìwé ohun tó wọlé lóṣù náà ni kó kọ́kọ́ mú wá.

Àpẹẹrẹ rèé, kì í ṣe ìwé káńsù kankan. Ká ní ₦300 mílíọ̀nù wọlé. Olùkọ́ gba 110, òṣìṣẹ́ káńsù 60, owó ìfẹ̀yìntì 45, ilé ìlera 25, àwọn ìyọkúrò mìíràn 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 255, ó ku ₦45 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń pariwo 300 ń tan ara rẹ̀. Alága tó ní kò sí ohunkóhun náà ò sọ òótọ́: 45 wà níbẹ̀. Bí jíìpù bá sì jẹ́ ₦90 mílíọ̀nù, gbogbo àjẹkù oṣù méjì ló gbé mì. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó bínú sí i, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà bínú.

Ká ní gbèsè òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦54 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá ń yọ 18 lóṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta ló máa tán, 27 á sì ṣẹ́ kù lóṣù fún gọ́tà. Èyí ni kẹ́ ẹ gbé síwájú àwọn méjèèjì, kí ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí wọ́n dá gọ́tà dúró pátápátá nígbà òjò ò dáa. Àgbàrá ò mọ ilé òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ilé alága.

Alága sọ òótọ́ ní apá kan: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe ètò ìṣúná. Ẹ̀yin ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jíìpù yẹn: ojú ìlà wo ló wà nínú ètò ìṣúná tí ẹ fọwọ́ sí? Ṣé ìlà yẹn ní owó tó kù lọ́jọ́ tí wọ́n rà á? Ta ló kọ fáúṣà (ìwé tí wọ́n fi ń sanwó), ṣé ọ́díítọ̀ inú káńsù yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde? Iléeṣẹ́ mélòó ló kọ iye tó fẹ́ tà á? Ṣé ọkọ̀ náà ti wọ ìwé ohun ìní káńsù, ṣé nọ́ńbà ìjọba ló gbé àbí ti ẹnì kan? Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á gbé owó láti orí ìlà mìíràn, bí owó oògùn ilé ìlera, láì padà wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ́díítọ̀ àgbà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ béèrè ìwé ìnáwó káńsù, akọ̀wé ní mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i nítorí mi ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, n kì í sì í ṣe òṣèlú. (Bàbá kan, Ayétòrò)

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba ò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ti jiyàn nílé ẹjọ́ pé òfin náà ò kan òun, ṣùgbọ́n ní oṣù April 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fẹnu béèrè. Ẹ má kọ "gbogbo ìnáwó káńsù", wọ́n á fi dá yín dúró. Ẹ kọ ohun tó ṣe pàtó: owó tó wọlé láti àkáǹtì àjùmọ̀ní láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí, fáúṣà tí wọ́n fi ra ọkọ̀, àti gbèsè òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìwé. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ọ̀kan wọlé, wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì, ẹ mú un lọ sílé. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé ìwé náà pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, owó ìtanràn ₦500,000 sì wà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó bá fi ìwé du aráàlú láìtọ́. Ọjọ́ 30 yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n á máa ní "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ọjọ́ á sì kọjá lé yín lórí, nítorí náà láti ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ka ọjọ́ 7 tiwọn; bí ó bá pé tí wọ́n dákẹ́, ibẹ̀ ni ọjọ́ 30 yín ti bẹ̀rẹ̀.