Ọ̀gá mi ní kí n mójú tó ojúṣe ilé-iṣẹ́ wa sí àwùjọ àti àyíká: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọṣọ àti ìpara ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ 180 ni wá. Títí di ìsinsìnyí, ohun tí à ń pè ní ojúṣe wa sí àwùjọ ni pé lọ́dọọdún, a máa ń fún ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà nítòsí wa ní ìwé àti báàgì, a ó sì ya fọ́tò. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa kan tó ń rajà púpọ̀ fi ìwé ìbéèrè gígùn kan ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ mọ iye iná tí à ń lò, ibi tí omi ìdọ̀tí wa ń lọ, ibi tí epo wa ti ń wá, wákàtí tí òṣìṣẹ́ ń ṣe. Ọ̀gá wa gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní oṣù mẹ́ta ni mo ní. Ó tún fẹ́ kí a tẹ “ọ̀rẹ́ àyíká” sára ike ọṣẹ wa tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ yìí ni mo ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí báàgì àti ìwé. Ẹ má dá a dúró. Ọmọ tó gba báàgì, báàgì gidi ló gbà. Ṣùgbọ́n oníbàárà yín ò béèrè ohun tí ẹ fi èrè yín ṣe, ọ̀nà tí èrè náà gbà wọlé ló ń béèrè. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí omi ọṣẹ bá ń ṣàn láti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ yín lọ sínú odò tó gba àdúgbò ọmọ yẹn kọjá, báàgì ò lè tún un ṣe. Ìlànà ISO 26000, tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé, gbé jáde ní 2010, bá èyí mu: ojúṣe ilé-iṣẹ́ ni láti dáhùn fún ohun tí ìpinnu àti iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe sí àwùjọ àti àyíká. Ìmọ̀ràn ni ìlànà yẹn, kò ní ìwé-ẹ̀rí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun máa fún yín ní ìwé-ẹ̀rí ISO 26000, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ má tíì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ wọ bàtà tó le, kí ẹ pe ẹnjiníà, olùtọ́jú sítọ̀ àti ẹni tó ń fọ táńkì, kí ẹ jọ rìn láti ibi tí ẹrù ń gbà wọlé títí dé ibi tí ọjà ń gbà jáde. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ béèrè pé: kí ló wọ ibí, kí ló sì ń jáde níbí tí kì í ṣe ọjà? Ẹni tó ń fọ táńkì ni kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ. Òun ló mọ iye ọṣẹ tó ń bá omi lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń rí àdánù jù nílé-iṣẹ́ ọṣẹ. Tí ẹ bá po irú ọṣẹ olómi kan tán tí ẹ fẹ́ po òmíràn, ẹ ní láti fi omi ṣan táńkì àti páìpù. Omi tí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án yẹn, ọṣẹ tí a bomi là ni. Bí ẹ bá dà á nù, ẹ ti pàdánù ọṣẹ, ẹ ó sì tún náwó láti tọ́jú omi ìdọ̀tí tí ọṣẹ náà dà sí. Bí ẹ bá gbè é sínú àgbá mímọ́, tí ẹ kọ orúkọ ọṣẹ àti ọjọ́ sí i lára, ẹ lè fi po irú ọṣẹ kan náà lẹ́yìn náà, tí àwọn ará láàbù yín bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ìpara yàtọ̀ o. Kòkòrò àìrí tètè máa ń gbilẹ̀ nínú omi ìṣàn ìpara, ara èèyàn sì ni ìpara ń lọ, nítorí náà ẹ má dá a padà. Ohun mìíràn tí kò ná yín ní nǹkan kan ni ètò pípò: ẹ po èyí tí kò láwọ̀ ṣáájú aláwọ̀, àti èyí tí kò ní òórùn ṣáájú olóòórùn. Iye ìgbà tí ẹ óò fọ táńkì á dínkù.

Ní ti omi tó ń jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe ní ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì tó. Ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14, 7 ni àárín. Kọ́sítíìkì tó wà nídìí ọṣẹ máa ń gbé e gòkè, bó bá sì ga jù, ohun abẹ̀mí inú odò ò ní lè gbà á. Ẹ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí àṣẹ ìjọba tó wà lọ́wọ́ yín sọ. Ìwé ìwọ̀n oṣù mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí ọjọ́ burúkú wà nínú rẹ̀, ó níyì lójú mi ju ojúewé méwàá tí wọ́n fi fọ́tò ewéko ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì tó ń mú ayé gbóná kò le tó bí ìwé náà ṣe mú un le. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò fún un ni GHG Protocol, tó kọ́kọ́ jáde ní 2001. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín gáàsì sí: èyí tó ń jáde látinú ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń sun, bíi dísù jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ àti bọ́ílà, èyí tó ti ibi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná tí ẹ rà jáde, àti gbogbo ìyókù, ṣáájú kí ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ yín àti lẹ́yìn tí ọjà ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Fún méjì àkọ́kọ́, ríṣíìtì oṣù 12 ti tó. Lítà dísù kan tó bá jóná á di nǹkan bíi kílò 2.7 gáàsì kábọ́ọ̀nù, nítorí náà ìṣirò ọmọ iléèwé ni: ẹ sọ iye lítà di púpọ̀ ní ìlọ́po 2.7. Ti iná mànàmáná, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀ fún wákàtí kílówáàtì kan.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìsọ̀rí 15 ni ìlànà náà pín in sí, ẹ ò sì lè parí gbogbo rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta. Fún ọṣẹ, ibi tí gáàsì pọ̀ sí jù lọ sábà máa ń jẹ́ inú ilé ẹni tó ń lò ó, níbi tó ti ń gbé omi kaná láti fi wẹ̀ tàbí fọṣọ. Ìlànà náà kò fi dandan mú yín ka ti omi gbígbóná yìí, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sì ń fi í sílẹ̀. Èmi ní kí ẹ kà á, ó kéré tán fún ara yín, nítorí pé ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ọṣẹ tó ń fọ aṣọ mọ́ nínú omi tútù lè ṣe ayé lóore ju kí ẹ pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé-iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè nípa epo lè ká yín mọ́ tí ẹ ò bá ṣọ́ra. Epo ọ̀pẹ àti àdín ló wà nídìí ọṣẹ púpọ̀, wọ́n sì ti pa igbó ńláńlá run láti gbin ọ̀pẹ, pàápàá ní Indonéṣíà àti Maléṣíà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ RSPO sílẹ̀ ní 2004, láti máa fún epo tí wọ́n ṣe bó ti yẹ ní ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n “a ní RSPO” kò tíì sọ nǹkan kan, torí ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Epo kan wà tí a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé ìfúnpo kan ṣoṣo. Òmíràn ti oríṣiríṣi ibi tó ní ìwé-ẹ̀rí wá, a kò sì da aláìníwèé-ẹ̀rí mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti da méjèèjì pọ̀ nínú táńkì, ìṣirò iye tó wọlé àti iye tó jáde nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ̀kẹrin, ẹ kò ra epo náà rárá. Owó lẹ san láti ti àwọn tó ń ṣe é dáadáa lẹ́yìn. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ohun tó burú ni kí ẹ ra ẹ̀kẹta, kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ra àkọ́kọ́. Ẹ pe ẹni tó ń ta epo fún yín, kí ẹ gba ìwé, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti èèyàn, torí òun ló máa ń gba oorun lójú mi.

Ìlànà SA8000, ti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń wò fara wé, ní kí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ má kọjá wákàtí 48, kí ófátáìmù má ju wákàtí 12 lọ lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ ìfẹ́ inú òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa sinmi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ onílétà nínú ìwé owó oṣù, ìyẹn rọrùn. Àwọn lébìrà tí agbaṣẹ́ṣe ń kó wá di páálí ńkọ́? Mélòó ni wọ́n? Ta ló ń san owó wọn? Ṣé wọ́n sanwó fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí iṣẹ́ náà? Òṣìṣẹ́ 180 tí ẹ kà fún mi, ṣé wọ́n wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti béèrè èyí tí gbogbo yàrá dákẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí ò sì gba ẹ̀mí là fúnra rẹ̀. Ní September 11, 2012, iná jó ilé-iṣẹ́ aṣọ Ali Enterprises nílùú Karachi ní Pakistan, èèyàn tó lé ní 250 ló kú. Irin wà lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn àbájáde sì wà ní títì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ṣáájú ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé-ẹ̀rí SA8000. Èmi náà ti wọ ilé-iṣẹ́ kan rí tí ilẹ̀kùn pàjáwìrì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ rederede nígbà tí mò ń yẹ ibẹ̀ wò. Mo gbàgbé ìwé mi síbẹ̀, mo padà ní ìrọ̀lẹ́, àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, obìnrin bí ogójì sì ń ṣiṣẹ́ nínú. Wọ́n ní olè ni wọ́n ń sá fún. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ìdáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ojú mi ni mo fi ń rí i, ní àsìkò tí wọn ò retí mi.

Ẹ tún wá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ á fi lè fẹjọ́ sùn láìjẹ́ pé máníjà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí okòwò àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó jáde ní 2011, béèrè fún èyí, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe èèyàn léṣe tún un ṣe. Tí ọdún bá yí po tí ẹjọ́ kankan ò wọlé, ẹ má yọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù máa bà wọ́n.

Ní ti “ọ̀rẹ́ àyíká”, mo bẹ̀ yín, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìwọ̀n ni. Nínú kí ni ó fi jẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì fi dára ju èwo lọ? Òfin 2024/825 ti Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 27, 2026, fòfin de irú ọ̀rọ̀ gbogbogbòò bẹ́ẹ̀ lára ọjà tí kò bá sí ẹ̀rí tí òfin mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún fòfin de kí ilé-iṣẹ́ sọ pé ọjà òun kò pa ojú ọjọ́ lára kìkì nítorí pé ó sanwó fún ẹlòmíràn láti gbin igi. Kódà bí ẹ ò bá tajà débẹ̀, oníbàárà yín lè máa tà níbẹ̀.

Ẹ kọ ohun tó ṣeé wọ̀n. Bí ike tuntun náà bá fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ iye gíráàmù tó fi fúyẹ́. Bí apá kan rẹ̀ bá jẹ́ ike tí wọ́n yọ́ tún ṣe, ẹ kọ ìpín mélòó nínú 100, kí ẹ sì sọ bóyá ìgò nìkan ni tàbí títí kan ìdérí. Ẹ má sì fi àmì onígun mẹ́ta tó ní nọ́ńbà 1 dé 7 nínú ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Àwọn onílé-iṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1988 kí àwọn tó ń ṣa ike lè mọ irú èyí tó jẹ́. Kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni máa yọ́ ọ tún ṣe.

Nígbà tí ẹ bá wá jókòó ti ìwé ìbéèrè náà, ẹ ó rí i pé àwọn àyè kan ò ní ìdáhùn. Ẹ má fi òǹkà àfojúdá dí wọn. Ẹ kọ “a kò tíì máa wọn èyí, a ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù báyìí, ẹni báyìí ló wà nídìí rẹ̀.” Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń rajà. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́wọ́ àyè mẹ́fà tí kò tíì kún kì í bà wọ́n lẹ́rù tó èyí tí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ pín oṣù mẹ́ta náà báyìí: oṣù kan fún ìrìn inú ilé-iṣẹ́ àti ríṣíìtì kíkójọ, oṣù kan fún epo àti agbaṣẹ́ṣe, torí àwọn wọ̀nyẹn kì í tètè dáhùn, èyí tó kù fún kíkọ àti fún àtúnṣe tí kò lè dúró. Kí ọ̀gá yín fi orúkọ ara wọn sí i kó tó lọ.

Àmọ́ ilẹ̀kùn ò lè dúró de oṣù kan. Ní alẹ́ òní, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ bá ti wọlé, ẹ padà lọ síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn àbájáde kọ̀ọ̀kan wò.