Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ajá Ti Délé, Ìwé Rẹ̀ Dà?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí dá lé. Èèyàn san owó gọbọi ra ọmọ ajá tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lábùlà, ajá ti ń jẹ, ó ti ń gbó, ìwé ìran rẹ̀ ni kò tíì fojú hàn. Ìlú tí kálukú ti kọ̀wé yàtọ̀, òfin wọn náà sì yàtọ̀, nítorí náà a dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ra ọmọ German Shepherd kan ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. “AKC”, ìyẹn American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ sínú ìpolówó rẹ̀. Ẹni tó tà á ń sọ pé ìwé ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní AKC ló ń fi nǹkan falẹ̀. Ṣé mi ò lè kọ̀wé sí AKC fúnra mi kí wọ́n fún mi níwèé ajá mi?
*Òǹkàwé ní Houston, Texas*

Ẹ lè kọ̀wé sí wọn, àmọ́ wọn ò ní rí ìwé kankan fún yín bí ẹni tó tà á kò bá tíì ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ìyá ajá ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí abo bá ti bímọ, olówó rẹ̀ ni yóò forúkọ gbogbo ọmọ ìbí yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, akọ mélòó, abo mélòó, orúkọ àti nọ́ńbà bàbá, orúkọ àti nọ́ńbà ìyá. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé AKC tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ irú kan náà. Bí akọ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, onítọ̀hún náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni AKC yóò fún ìbí náà ní nọ́ńbà, tí wọn yóò sì yọ fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù yẹn ló yẹ kí ẹ gbà pẹ̀lú ajá. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ orúkọ ajá sí i, ẹ ó sanwó, ẹ ó fi ránṣẹ́, ìwé á sì jáde lórúkọ yín.

Tí ẹnì kan bá wá ní AKC ló ń fi nǹkan falẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ẹ fura. Ohun tó sábà máa ń fa irú èyí rèé. Ó lè jẹ́ pé kò tíì forúkọ ìbí náà sílẹ̀ rárá. Oṣù mẹ́fà ni AKC fún un láti ọjọ́ ìbí, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìdádúró wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ó jẹ olówó akọ ní owó tí wọ́n ń san kí akọ tó gun abo, tí olówó akọ náà kò sì fọwọ́ síwèé. Ó lè jẹ́ pé ìyá ajá kò tíì di orúkọ rẹ̀ nínú ìwé AKC: òun náà rà á lọ́wọ́ ẹnì kan, kò ṣe ìyípadà orúkọ. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, torí AKC kì í gba ìbí tí ìyá rẹ̀ kò tó oṣù mẹ́jọ tàbí tó ti lé ní ọdún 12 nígbà tí akọ gùn ún, àfi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pàtàkì tó ní ẹ̀rí. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé tún ṣe, bó tilẹ̀ gba àkókò.

Èyí tó burú jù ni ti “Limited Registration”. Bí wọ́n bá ta ìyá ajá fún un pẹ̀lú àkọlé yìí lórí ìwé rẹ̀, ìyá náà ní ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kankan kò lè ní. Ẹni tó ni ìbí tí a ti bí ìyá yẹn gan-an nìkan ló lè yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa kó tó kọ “AKC” sínú ìpolówó.

Nítorí náà, ẹ má béèrè pé “ìwé dà?” mọ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìbí. Ẹni tó ti forúkọ ìbí sílẹ̀ ní in lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tó ń wá lọ́nà. Nọ́ńbà tí ajá fúnra rẹ̀ máa ń gbà jẹ́ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Ti German Shepherd a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DN, ti Rottweiler pẹ̀lú WS. Bó bá ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WS fún yín, ajá mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Òfin AKC wà lẹ́yìn yín lórí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ta ajá gẹ́gẹ́ bí èyí tó lè gba ìwé gbọ́dọ̀ fún olùrà ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó tà á. Bí fọ́ọ̀mù kò bá tíì dé, kó fún un ní ìwé ọjà tó fọwọ́ sí, tó kọ irú ajá, akọ tàbí abo, àwọ̀, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá àti ìyá gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé AKC, àti orúkọ ẹni tó sin ín. Bí ẹ kò bá gba èyí, ẹ kọ ọ́ fúnra yín lónìí, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i. Èkejì, kò lè fi ìwé pamọ́ nítorí ìdí kankan, bíi “ó dìgbà tí o bá yọ ilé ọmọ rẹ̀”, àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti fọwọ́ sí àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ ohun tí ẹ fọwọ́ sí wò o! Bí ó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ fún un ní ọjọ́ 14, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ á fi fún yín ní ẹ̀rí pé ó gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà, rìsíìtì àti àwòrán ìpolówó ránṣẹ́ sí AKC. Wọ́n lè fìyà jẹ ẹni tó bá tẹ òfin wọn lójú, títí kan kí wọ́n má gba ìwé rẹ̀ mọ́. Àmọ́ AKC kì í ṣe kóòtù, kò lè ní kó dá owó yín padà. Ní Texas, justice court ni ẹ ó lọ fún ìyẹn. Ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju $20,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ẹ san àti iye tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń lọ láìsí ìwé ni kí ẹ béèrè. Àwòrán ìpolówó tó ní “AKC” lára ni ẹ̀rí yín tó lágbára jù, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ kó tó pa á rẹ́.

Bí fọ́ọ̀mù bá wá dé, ẹ má jẹ́ kó sùn sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní gbèdéke, owó ìdádúró sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ro orúkọ ajá dáadáa pẹ̀lú. Kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 50 lọ, àlàfo wà lára rẹ̀, wọn ò sì gba àmì orí tàbí àmì ìsàlẹ̀. Tanímọ̀la á di TANIMOLA. Ajá á ṣì máa jẹ́ ẹ nílé bí ẹ ṣe pè é.

Ní London ni mo ti ra Cocker Spaniel mi. Ẹni tó tà á ní kí n san £250 sí i kó tó fún mi ní ìwé Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ó tún ní òun ti ti ìwé náà pa, kò sẹ́ni tó lè fi ajá yìí bímọ. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?
*Òǹkàwé ní Peckham*

Owó yẹn, àyàfi tí ẹ bá jọ ṣe àdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má fún un. Bí ìpolówó bá sọ pé ajá náà ní ìwé Kennel Club, iye tí ẹ kọ́kọ́ san ti kó ìwé mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, owó kékeré tí Kennel Club fúnra rẹ̀ ń gbà láti yí orúkọ padà sí tiyín ló kù, àwọn ni ẹ ó sì san án fún.

Ti títìpa jẹ́ òótọ́, ó sì wọ́pọ̀. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ní kí ọmọ tí ajá bá bí má gba ìwé. Èkejì ní kí wọ́n má fún un ní ìwé ìran tí wọ́n fi ń kó ajá lọ sókè òkun. Ẹni tó sin ajá ló lè fi í sí i, òun náà ló lè yọ ọ́, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ rí àbájáde àyẹ̀wò egungun ìbàdí àti ojú kí wọ́n tó yọ ọ́. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni pé ó gbọ́dọ̀ ti jẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì ti fọwọ́ síwèé pé ẹ gbà, ó pẹ́ tán nígbà tó gbé ajá lé yín lọ́wọ́. Bí kò bá ní ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ lè ní kí Kennel Club yọ ọ́.

Bó bá wá hàn pé kò sí ìwé kankan tó fẹ́ gbà £250 lé lórí, ó lè jẹ́ pé Kennel Club kọ ìbí náà. Wọn kì í gba ìbí tí ìyá rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan nígbà tí akọ gùn ún, tàbí tó ti pé ọdún mẹ́jọ nígbà tó bí. Wọn kì í gbà ju ìbí mẹ́rin lọ lọ́wọ́ abo kan, wọn kì í sì í gba ọmọ tí bàbá àti ọmọ, ìyá àti ọmọ, tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ bí.

Nǹkan kan ṣì wà tí ẹ ò béèrè, àwa sì rò pé ó ṣe pàtàkì ju ìwé náà lọ. Ìwé Kennel Club kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ajá, ṣíìpù, ẹ̀rọ kékeré onínọ́ńbà tó wà lábẹ́ awọ ajá, kò sì bá ìwé náà rìn. Láti 6 Oṣù Kẹrin 2016 ni ó ti di dandan ní England kí ajá ní ṣíìpù kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹni tó sin ín ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ ní kó yí i padà sórúkọ yín. Bí ajá bá sọnù, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ṣíìpù náà ni wọ́n máa pè, ìtanràn tó tó £500 sì wà fún ẹni tí kò bá tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kó ṣe é.

Toronto ni mo wà. Wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ CKC sí. Ṣé ó dára?
*Òǹkàwé ní Canada*

CKC wo ni? Ẹ ka orúkọ náà ní kíkún. Canadian Kennel Club ni ti Canada. Continental Kennel Club wà ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ mìíràn pátápátá ni, Canadian Kennel Club kì í sì í fi ìwé rẹ̀ forúkọ ajá sílẹ̀. Òfin Canada le koko ju ti àwọn yòókù lọ: lábẹ́ Animal Pedigree Act, ẹni tó bá ta ẹran gẹ́gẹ́ bí onírú kan pọ́nńbélé gbọ́dọ̀ fún olùrà ní ìwé rẹ̀, tí ó ti yí sórúkọ olùrà náà, láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní “pẹ̀lú ìwé, owó kan, láìsí ìwé, owó mìíràn” ń fi dá yín lójú pé òun ò mọ òfin, tàbí pé òun mọ̀ ọ́n tí òun ò kà á sí.

Wọ́n fẹ́ ta ọmọ Rottweiler fún mi ní Ìbàdàn. Ẹni tó ni ín fún mi ní fọ́tókópì ìwé bàbá àti ìyá rẹ̀ láti òkè òkun. Ṣé ìyẹn ò tó?
*Òǹkàwé ní Bódìjà*

Kò tó. Ìwé òbí kì í ṣe ìwé ọmọ. Fọ́tókópì kan ṣoṣo lè tẹ̀ lé ìbí mẹ́wàá láti ilé mẹ́wàá, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ ọmọ tó wà níwájú yín.

Síbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ kà á. Ta ni olówó ajá lórí rẹ̀? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ní Ohio ló ṣì wà níbẹ̀, ajá náà kò tíì di ti ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ṣé “Limited” wà lára rẹ̀? Ọdún mélòó ni ìyá, ṣé ó bá ajá tí ẹ rí mu? Bí nọ́ńbà ṣíìpù bá wà lórí ìwé, ẹ ní kí dókítà ẹran tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ṣíìpù yẹ ìyá náà wò. Nọ́ńbà 15 ni ti àwọn ṣíìpù tó wọ́pọ̀ lágbàáyé. Bí nọ́ńbà kò bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí wọ́n bá sì ní ẹ ò lè fojú kan ìyá rárá, a ò ní dá yín ní ìmọ̀ràn pé kí ẹ sanwó ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ajá wá láti òkè òkun, kó gba ìwé ìran òkè òkun kí ajá tó wọ bàálù. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ajá ló ń béèrè fún un lọ́wọ́ Kennel Club, bí ẹ bá sì ṣì di owó yín mú títí yóò fi béèrè, ìyẹn ló ń mú kó yára.

Kò sí ìwé, ẹni tó tà á ti pa fóònù. Ṣé DNA lè fún ajá mi ní ìwé?
*Òǹkàwé ní Atlanta*

Rárá. DNA tí AKC ń ṣe ń fi hàn pé ajá yìí ni èyí, àti pé lágbájá ló bí i. Kì í sọ irú tó jẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ irú, AKC kì í sì í fi í forúkọ ajá sílẹ̀. Èyí tó kù fún yín ni Purebred Alternative Listing ti AKC, àkọsílẹ̀ fún ajá onírú kan tí kò ní ìwé ìran. Ẹ ó fi àwòrán ajá ránṣẹ́ níbi tó dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ àti níbi tí ojú rẹ̀ ti hàn gbangba, pẹ̀lú ẹ̀rí dókítà ẹran pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí yọ ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, yóò sì lè kópa nínú ìdíje ìgbọràn àti eré fífò. Kò ní lè wọ ìdíje ẹwà, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ ọmọ.